Bí ìdílé kò bá róúnjẹ jẹ tó: ohun tí dókítà ọmọdé lè ṣe ní kíríníkì

Ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin dókítà ọmọdé àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń bi mí ṣáá: "Mo rí i pé ebi ló ń ṣe ọmọ yìí. Oògùn kíkọ ni wọ́n kọ́ mi, n kò ní oúnjẹ tí mo lè fún un. Kí ni kí n ṣe?"

Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀, èyí tó sì wúlò jù nínú rẹ̀ kò ná kíríníkì ní kọ́bọ̀. Ẹ lè béèrè lọ́nà tí ìyá á fi lè sọ òótọ́. Ẹ lè dẹ́kun àtimáa kọ ohun tó ń gbé owó ọbẹ̀ wọn lọ sí kẹ́mísì. Ẹ sì lè fà wọ́n lé ẹni tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe pé kí ẹ kàn ní kí wọ́n "lọ wá ìrànlọ́wọ́". Bí àyè kò bá gbà yín láti ka gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ ka ìgbésẹ̀ 1 àti ìgbésẹ̀ 4.

Kíríníkì ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, níbi tí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà láti ìdájí. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ fún ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nítòsí:

☐ Téèpù MUAC aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń wọn apá ọmọ
☐ Òṣùwọ̀n tó ń padà sí òdo bí ẹ bá gbé ọmọ kúrò lórí rẹ̀
☐ Ṣúgà, ife àti ṣíbí
☐ Ibì kan tí ẹ ti lè bá ìyá sọ̀rọ̀ tí etí kẹta kò ní gbọ́
☐ Ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó lè ran ìdílé lọ́wọ́ ní àdúgbò yín wà (mo ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 6)

Ìkìlọ̀: bí ìwé orúkọ yẹn kò bá tíì sí, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí ìyá bá tú àṣírí ilé rẹ̀ síwájú yín, tí ẹ kò sì ní ohun kan láti sọ ju "Pẹ̀lẹ́, mà" lọ, kò ní tú u fún dókítà kankan mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìdílé

"Ṣé ọmọ ń jẹun dáadáa?" kì í ṣe ìbéèrè láàárín wa. Ìkíni ni. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "A dúpẹ́, mà" tàbí "Ọlọ́run ń ṣe é," ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná á sì dáhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní oúnjẹ lórí iná. Ẹ gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

1. Ẹ bi gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ má fi aṣọ, fóònù tàbí ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá yan ẹni tí ẹ máa bi. Olùkọ́ tí wọn kò tíì sanwó oṣù fún lè múra ju ẹni tó ń ta ata lọ, kí ó sì jẹ́ pé ilé alátà ni oúnjẹ wà.

2. Ẹ kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò. "Ìyá Dámilọ́lá, gbogbo ẹni tó bá wá síbí la ń bi ní ọ̀rọ̀ yìí, torí ọjà ti wọ́n fún gbogbo wa." Gbólóhùn kan yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn.

3. Ẹ ka gbólóhùn méjì yìí fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kò rí bẹ́ẹ̀ rí:
   - "Láti bí oṣù 12 sẹ́yìn, àyà wa ti já rí pé oúnjẹ ilé lè tán kí a tó rówó ra òmíràn."
   - "Láti bí oṣù 12 sẹ́yìn, oúnjẹ tí a rà ti tán rí kí ó tó yẹ kó tán, tí kò sì sówó tí a ó fi ra kún un."

4. "Lọ́pọ̀ ìgbà" tàbí "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" sí ọ̀kan péré nínú méjèèjì ti tó. Ìdílé náà nílò ìrànlọ́wọ́.

Hunger Vital Sign ni wọ́n ń pe ìbéèrè méjì yìí ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ibẹ̀ sì ti rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti ọdún 2015 pé kí wọ́n máa bi ìdílé gbogbo. Ṣùgbọ́n ilé tó ń ra oúnjẹ pamọ́ ni ó wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tiwa ń ra gàrí ife kan, epo inú ọ̀rá kan àti ata wẹ́wẹ́ lójúmọ́. Kò sí ohun tó ń "tán" nílé irú wọn, torí kò sí ohun tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, èmi á fi méjì kún un:

   - "Láti àárọ̀ àná títí dìgbà tí ọmọ sùn, kí ni ó jẹ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kọ́kọ́ jẹ."
   - "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Kí ni ẹ jẹ lánàá?"

Ìbéèrè kejì yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ fi ebi sùn nínú ilé. Ìgbà tí ebi bá fi dé orí ọmọ, yóò ti pẹ́ lára ìyá.

Ta ló wà nínú yàrá? Bí ìyá ọkọ tàbí ọkọ bá jókòó tì í, ẹ má béèrè lójú wọn. Ẹ ní kí ìyá gbé ọmọ wá síbi òṣùwọ̀n, kí ẹ bi í níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ọmọ bá ti tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá òun náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Irú wọn máa ń mọ iye ìgbà tí ìkòkò kò gun iná.

Bí ìyá bá sọ pé kò sí wàhálà, tí àmì wọ̀nyí sì wà, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ tún béèrè nígbà tó bá padà wá:

- Agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ tó yẹ kó tán lọ́sẹ̀ kan ń lo ọ̀sẹ̀ méjì (omi ló ń pọ̀ sí i)
- Ó ra ìdajì oògùn tí ẹ kọ
- Ọmọ ń sùn ní kíláàsì, tàbí ó ń jí oúnjẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ
- Wọ́n máa ń pa ìpàdé jẹ nígbà tí oṣù bá ń parí lọ

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi téèpù rọ́pò ìbéèrè

Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ dára lè ti ilé tí ebi wà wá. Gàrí, búrẹ́dì àti Indomie lójoojúmọ́ lè mú kí òṣùwọ̀n dákẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń gbẹ, tí kò sì ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi ṣáájú.

Fún ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59:

1. Ẹ mú apá òsì, kí ó rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ wá àárín méjì láti góńgó èjìká dé góńgó ìgúnpá.
2. Ẹ yí téèpù ká a. Kò gbọdọ̀ fún awọ ara, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀.
3. Ẹ kà á:
   - Kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 (pupa): àìjẹunrekánú tó le
   - Láti 11.5 sí ìsàlẹ̀ 12.5 (yẹ́lò): àìjẹunrekánú tó mọ níwọ̀n
   - 12.5 sókè (àwọ̀ ewé): apá kò tíì fi ewu hàn
4. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí ihò bá kù sí ẹsẹ̀ méjèèjì, àìjẹunrekánú tó le ni, ohun yòówù kí téèpù sọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kún débi tí ará ilé á fi máa sọ pé ó sanra.
5. Ẹ fi ìwọ̀n tòní wé ti ìṣáájú lórí káàdì ọmọ. Ìlà tó dúró lójú kan fún oṣù méjì ń sọ nǹkan fún yín ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ta ni kò gbọdọ̀ padà sílé lónìí?

- Ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó gbé mì, tí gìrì mú, tàbí tí kò ta pútú
- Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú
- Ọmọ tí apá rẹ̀ wà nínú pupa, tí kò sì fẹ́ jẹun rárá, tàbí tí ibà, ikọ́ àti èémí kíkankíkan bá a lórí rẹ̀
- Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 tí ìwọ̀n rẹ̀ ń wálẹ̀

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ fún un ní omi ṣúgà bí mílílítà 50: ṣíbí tíì kan tó kún fún ṣúgà nínú omi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta àbọ̀. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má dà á sí i lẹ́nu o; ọ̀nà imú ni kí ẹ gbé omi ṣúgà náà gbà, tàbí kí ẹ fún un ní gúlúkóòsì tí a ń fà sínú iṣan. Ẹ tẹ́ ẹ mọ́ àyà ìyá rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, torí òtútù àti àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń tètè pa wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má sáré fa omi sí i lára bí kò bá sí nínú ṣọ́ọ̀kì (ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò lọ káàkiri ara dáadáa mọ́), ọkàn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e. Ẹ má sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, títí yóò fi máa jẹun, tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì máa gòkè.

Ọmọ tí apá rẹ̀ wà nínú pupa, àmọ́ tí ojú rẹ̀ dá, tó sì ń jẹun, lè gba ìtọ́jú láti ilé pẹ̀lú RUTF, oúnjẹ ẹlẹ́pà inú ọ̀rá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára bíi kálórì 500. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ẹ pe òṣìṣẹ́ tó ń rí sí oúnjẹ aṣaralóore ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó rán ìyá níbi kankan, kí ó má baà ná owó ọkọ̀ lórí àhesọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yé mú owó kúrò nínú ìkòkò wọn

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Púpọ̀ nínú wa ń kọ́ ìyá ní "oúnjẹ aṣaralóore" fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà a ó kọ ìwé oògùn tí yóò gbé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyá á san án, torí dókítà ló kọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, gàrí ni gbogbo ilé á mu.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé oògùn, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

Tónìkì àti oògùn tó ń "ṣí ikùn". Ọmọ tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀ kò ní àìsàn àìlèjẹun. Cyproheptadine tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìṣíkùn yẹn ń kun ọmọ lóorun, kò sì yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ẹ béèrè iye ìgò kan ní kẹ́mísì tó wà lójúde yín, kí ẹ wá ṣírò iye ẹyin tí owó náà á rà. Ẹ kọ iye ẹyin yẹn síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Mo gbà pé ìyá ló máa ń bèèrè fún un nígbà mìíràn, pàápàá bí ará ilé bá ń sọ pé dókítà kò fún ọmọ ní fítámì. Ẹ sọ fún un pé: "Mà, owó tí ẹ fẹ́ fi ra èyí, ẹ fi ra ẹyin. Oògùn tí mo kọ fún un nìyẹn." Ẹ kọ "ẹyin" sórí ìwé bí ó bá fẹ́ rí i lórí ìwé.

Àyẹ̀wò Widal. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rẹ̀ kò lè fi ìdí ibà jẹ̀funjẹ̀fun (typhoid) múlẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ibà ni wọ́n ń fi í lé lórí. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Bí kò bá sí, ẹ wo ọmọ náà fúnra rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rán ìyá lọ sí lábù.

Oògùn apakòkòrò fún òtútù àti kátà. Kò wúlò fún un. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ nígbà tí èyí tí à ń mu bá wà.

Ìgbẹ́ gbuuru. ORS (ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) àti zinc ni: zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Kò wọ́n. (Ọmọ tí àìjẹunrekánú tó le ń bá jà ló yàtọ̀, ẹ lo ReSoMal, irú ORS tí a ṣe fún ọmọ bẹ́ẹ̀, fún un.)

Mílíìkì inú agolo. Ẹ má kọ ọ́ fún ìyá tó lè fún ọmọ lọ́mú. Bí agolo kìíní bá tán, tí owó kejì kò sí, ọmú á ti máa gbẹ.

"Kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ." Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ìyá tí kò ní oúnjẹ lọ́sàn-án yẹn á fo oògùn náà, torí ó ń bẹ̀rù pé á bá ọmọ lára jà. Bí oògùn kò bá nílò oúnjẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá nílò rẹ̀, bí oògùn ibà artemether-lumefantrine, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọmú tàbí ìwọ̀nba ẹ̀kọ tí epo wà nínú rẹ̀ náà tó. Fún ọmọ tó ń gba insulin (abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà), ẹ bá ìyá ṣètò ohun tí wọn máa ṣe lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò bá sí kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lọ, torí abẹ́rẹ́ yẹn lórí ikùn òfo lè pa ọmọ.

Owó ọkọ̀. Ẹ fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ àjẹsára. Ìrìn kan dípò méjì.

## Ìgbésẹ̀ 5: Oúnjẹ tí owó wọn lè rà

Ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Èló ló máa ń wà fún oúnjẹ lójúmọ́, mà?" Inú iye tó bá dárúkọ ni kí ẹ ti máa bá a ṣètò. Èso, ẹran àti mílíìkì tí ẹ kà sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè ra ẹja, ẹ̀gàn ló ń gbọ́ níbẹ̀.

Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, ìyá ni kí ẹ bọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé bí àwọn kò bá yó, omi ọmú kò sí mọ́, wọ́n á wá fi ògì tàbí àgbo kún un. Ẹ fi dá wọn lójú pé bí ọmọ bá ṣe ń fà á lọmú á ṣe máa wá. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń san gbèsè náà nínú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ àkọ́kọ́ nínú ilé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Láti oṣù 6, ògì lásán tó ń ṣàn kò lè gbé ọmọ ró. Ẹ kọ́ wọn ní èyí:

Ẹ̀kọ ọlọ́ràá tí wọ́n ń pè ní Tom Brown

1. Ẹ wọn àgbàdo tàbí ọkà bàbà ife 6, sóyà ife 3, ẹ̀pà ife 1. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
2. Ẹ ṣà wọ́n. Ẹ̀pà tó bá hu, tó dúdú tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Májèlé ló wà nínú rẹ̀, iná kì í sì í pa á tán.
3. Ẹ yan sóyà títí á fi pọ́n, tí á sì máa ta sánsán. Ẹ yan ẹ̀pà àti àgbàdo náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sóyà tí kò jiná dáadáa ń da ikùn ọmọ rú.
4. Ẹ bó èèpo ẹ̀pà àti ti sóyà, kí ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní gbígbẹ.
5. Ẹ pò ó mọ́ omi tútù, kí ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa rò ó. Kó ki débi pé kò ní tètè já bọ́ lórí ṣíbí.
6. Ẹ fi edé lílọ̀ díẹ̀ àti epo pupa ṣíbí tíì kan sí abọ́ ọmọ.

Ìyẹ̀fun tó kù, inú ike tó gbẹ tó sì dé dáadáa ni kó wà. Nígbà àkọ́kọ́, kí ọmọ tọ́ ìwọ̀nba wò, kí ìyá sì máa wo ara rẹ̀ bóyá yóò yọ kókó tàbí wú lójú. Kò rọ́pò RUTF fún ọmọ tí apá rẹ̀ wà nínú pupa.

Ìyá mìíràn kò ní gáàsì, kẹrosíìnì rẹ̀ sì ti tán. Fún irú rẹ̀, àkàrà méjì àti ẹ̀kọ lọ́wọ́ alákàrà dín owó ju kí ó dáná ẹ̀wà fún wákàtí méjì lọ. Ẹ má fojú kéré oúnjẹ ojú ọ̀nà yìí. Ẹ̀wà ni àkàrà, ó sì dáa fún ọmọ bí ó bá gbóná láti inú epo tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbúre àti ewé mọ̀ríńgà tó hù lẹ́yìn ilé ló kù. Ṣàwá àti edé wẹ́wẹ́ ń ṣe iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe.

Bí owó bá sì wà fún ẹyin, ẹ béèrè ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà kan ṣì gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè, baálé ló sì ń gba ìpín tó tóbi jù. Ẹ má bá ìyá àgbà jà lórí èyí. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ pè é ní màmá, kí ẹ sì sọ pé: "Màmá, oògùn ni mo kọ ọ́ fún ọmọ yìí, kì í ṣe adùn ẹnu. Ẹ̀yin ni mo fi ṣọ́ ọ." Nígbà tó bá ti di pé òun ló ń ṣọ́ ọ, ẹyin náà á dé ẹnu ọmọ.

Iye ìgbà: oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ yàtọ̀ sí ọmú. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu. Ọmú títí di ọdún 2, ó kéré tán.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fà wọ́n lé ẹni gidi lọ́wọ́

Ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé orúkọ yín:

- Adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín: Ìlera Èkó ní Èkó, OYSHIA ní Ọ̀yọ́, OGSHIA ní Ògùn, OHIS ní Ọ̀ṣun. Ẹ béèrè nípa BHCPF, owó ìjọba àpapọ̀ tó ń san ìtọ́jú àwọn aláìní ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Ilé tí kò sanwó kíríníkì á ní owó ọjà.
- Sóṣà wẹ́fíà ilé ìwòsàn yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.
- Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ yín. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà fún kíláàsì 1 sí 3, àmọ́ ó máa ń dúró, ó máa ń padà. Ẹ pè wọ́n kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń lọ.
- Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ mọ ẹni tó ń pín oúnjẹ níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ń pín in. Ní ti sàká, Zakat and Sadaqat Foundation wà.
- Lagos Food Bank Initiative, fún ẹ̀yin tó wà ní Èkó.
- Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ìyá tó nílò owó òwò díẹ̀ ju oúnjẹ ọjọ́ kan lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ tọrọ àyè: "Ṣé kí n bá yín pe ẹnì kan, mà?" Bí ó bá kọ̀, ẹ gbà fún un.
2. Ẹ pè é lójú ìyá, kí àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ara wọn. Ìwé pélébé nìkan á sọnù nínú báàgì.
3. Ẹ béèrè bí ó ṣe máa débẹ̀. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, ẹ kò tíì ràn án lọ́wọ́.
4. Ẹ máa pe gbogbo nọ́ńbà ara ìwé yẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ètò máa ń kú láìdágbére.

Bí kíríníkì yín bá fẹ́ máa pín oúnjẹ fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré: ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, edé, epo. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú tí gbogbo ayé fi ń ra ọjà, kí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi mílíìkì agolo sí i. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fún yín lówó lè bèèrè fún un; ẹ fún un ní ìwé ìnáwó. Kò yẹ kí ọmọ dàgbà kó rí àwòrán ara rẹ̀ lórí Facebook níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń gba ẹ̀wà.

## Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn ìdílé wa níbẹ̀ ni pé ìjọba á gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ sọ fún wọn pé àìlówó kì í ṣe àìtọ́jú ọmọ. Ní England, Wales àti Northern Ireland, Healthy Start, ètò ìjọba tó ń ranni lọ́wọ́ ra oúnjẹ, wà fún aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 bí owó tó ń wọlé bá kéré. Ní Scotland, Best Start Foods ni. Ní Amẹ́ríkà, ètò oúnjẹ ìjọba tí wọ́n ń pè ní WIC wà fún aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, SNAP (owó oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) wà fún ìdílé, nọ́ńbà 211 sì ń tọ́ni sọ́nà ibi tí oúnjẹ wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá wọ̀ ọ́, ẹ fà á lé agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa rẹ̀; ẹ má méfò.

## Àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́

- Kí nọ́ọ̀sì máa ké ìbéèrè ebi láti orí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, níwájú èrò.
- "Kí ló dé tí ẹ bí ọmọ mẹ́rin?" Ìyá tó bá gbọ́ èyí kò ní padà wá.
- Kí ẹ máa dúró de ìgbà tí téèpù bá di pupa.
- Kí ẹ má kọ ohunkóhun sínú fáìlì. Ẹ kọ "oúnjẹ kò tó nílé," kí dókítà ọ̀la má baà tún bẹ̀rẹ̀ látorí tónìkì.
- Kí ẹ gbàgbé bàbá. Bí ìyá bá gbà, ẹ pè é sí ìpàdé tó kàn. Ọ̀pọ̀ bàbá kò mọ̀ pé owó tí àwọn ń fi sílẹ̀ kò tó ra nǹkan mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìpadàbọ̀

Apá pupa, tó ń gba ìtọ́jú láti ilé: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Apá yẹ́lò: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ilé tí ebi wà àmọ́ tí ìwọ̀n ọmọ dára: ọjọ́ àjẹsára tàbí oṣù kan, èyí tó bá yá jù.

Nígbà tí wọ́n bá dé:

1. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹni tí ẹ fà wọ́n lé lọ́wọ́ rí wọn, àti ohun tó fún wọn.
2. Ẹ wọn apá àti ìwúwo.
3. Ẹ tún béèrè ohun tí ìyá jẹ lánàá.
4. Ẹ wo káàdì: fítámì A ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti oṣù 6 títí di ọdún 5, àti oògùn aràn láti ọdún kan.

Bí oúnjẹ bá ti ń wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì tí òṣùwọ̀n kò sì mira, ẹ má dá ìyá lẹ́bi pé ó ń ta oúnjẹ náà tàbí pé ó ń fún àwọn yòókù jẹ. Ẹ béèrè jẹ́jẹ́ iye ẹnu tó wà nídìí abọ́ náà, kí ẹ fi kún un bó bá yẹ, kí ẹ sì wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV, fòníkú-fọ̀ladìde àti àrùn ọkàn lára ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an.